Yíyan Ilé Ẹ̀kọ́ Nọ́ọ̀sì: Mélòó Ló Wọlé, Mélòó Ló Yege, Èló Ló Ná Wọn?

Ohun méjì ni ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà máa ń kọ́kọ́ bèèrè nípa ilé ẹ̀kọ́ kan: mélòó ló ń yege nínú àwọn ọmọ wọn, èló sì ni owó wọn? Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston, ní Maryland, ní Chicago àti ní Atlanta ń bi ara wọn ní ìbéèrè yìí lẹ́yìn ìsìn, lóde ìnáwó, lórí fóònù láàárín òru tí ọwọ́ bá dilẹ̀ díẹ̀ níbi iṣẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ti ń tọ́jú arúgbó fún ọdún pípẹ́. Wọ́n mọ bí a ṣe ń gbé aláìsàn dìde, bí a ṣe ń wẹ̀ fún un, bí a ṣe ń mọ̀ pé ara rẹ̀ ti yí padà kí dókítà tó dé. Ìwé àṣẹ nìkan ló kù. Nọ́ńbà méjì péré ni ìdáhùn tí wọ́n sì sábà máa ń rí gbà. Àwọn nọ́ńbà náà lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, kí wọ́n sì tún ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí pé èkíní kò ka àwọn tó já sílẹ̀ lójú ọ̀nà, èkejì kò sì ka àkókò. Ìdí rèé tí mo fi fẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa.

Ìdánwò tí ènìyàn gbọ́dọ̀ yege nínú rẹ̀ kó tó gba ìwé àṣẹ yẹn ni NCLEX-RN. Àjọ NCSBN, tí àwọn ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà jọ dá sílẹ̀ ní 1978, ló ń ṣètò rẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, 200 dọ́là sì ni owó rẹ̀. Ìbéèrè kì í dín ní 85, kì í sì í ju 150 lọ, láàárín wákàtí márùn-ún. Bí ènìyàn bá ṣe ń dáhùn ni kọ̀ǹpútà ń ṣe yan ìbéèrè tó kàn: ó gba ọ̀kan, ó fún un ní èyí tó le jù ú lọ, ó ṣi ọ̀kan, ó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, títí yóò fi dá ẹ̀rọ náà lójú pé ẹni náà tó gbangba í sùn lọ́yẹ́ tàbí pé kò tíì tó. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan fi lè dá a dúró ní ìbéèrè 85 kó yege, kí ẹlòmíràn dá a dúró níbẹ̀ kó sì fìdí rẹmi. Ẹni tí kò bá yege yóò dúró fún ọjọ́ 45 kó tó tún un ṣe.

Ohun rere kan tí ètò Amẹ́ríkà ní ni pé ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ ń tẹ èsì ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan jáde lọ́dọọdún lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni sì lè kà á láìsan kọ́bọ̀. Wọ́n tún fi ààlà lé e. Ní Texas, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń ṣe ìdánwò fún ìgbà àkọ́kọ́ kò bá yege tó 80 nínú ọgọ́rùn-ún yóò rí ìbínú ìgbìmọ̀. Ní California, 75 ni ààlà. Florida gba ọ̀nà mìíràn: wọn ò fi nọ́ńbà kan lélẹ̀ gbọn-in, wọ́n ní kí èsì ilé ẹ̀kọ́ má ṣe fi ju 10 lọ wà nísàlẹ̀ iye gbogbo orílẹ̀-èdè. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì léraléra, wọn yóò fi ilé ẹ̀kọ́ náà sábẹ́ ìṣọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́ nọ́ńbà kan lẹ́nu ejẹ́ǹtì tàbí tó rí i lára pátákó ìpolówó, kó má gbà á bẹ́ẹ̀. Kó lọ wo ohun tí ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ.

Bí a bá rí nọ́ńbà ọ̀hún, báwo la ṣe ń kà á? Mo gbà pé ọ̀nà tí Florida gbà yẹn ló bọ́gbọ́n mu jù. Ní 2022, nínú àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n sì ń ṣe NCLEX-RN fún ìgbà àkọ́kọ́, ìpín 79.9 nínú ọgọ́rùn-ún ló yege. Ní 2023, ó fò sókè sí nǹkan bíi 88.6. Ní 2024, ó lé ní 91. Àwọn ọmọ ọdún 2024 kò ṣàdédé gbọ́n ju àwọn ẹ̀gbọ́n wọn lọ. Ìdánwò ló yí padà ní oṣù kẹrin ọdún 2023, nígbà tí wọ́n gbé irú tuntun rẹ̀ jáde, èyí tó ń fi aláìsàn kan síwájú akẹ́kọ̀ọ́ tó sì ń bi í ní ìbéèrè lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ilé ẹ̀kọ́ tó ní 88 ní 2022 ń ṣe dáadáa gan-an, ó fi bí ìpín mẹ́jọ ga ju iye gbogbo orílẹ̀-èdè lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tó ní 88 yẹn kan náà ní 2024 ti wà lẹ́yìn. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà ọdún kan wé ti ọdún mìíràn láìwo iye gbogbo orílẹ̀-èdè nínú ọdún kọ̀ọ̀kan ti ṣì í kà.

Ọdún pàápàá kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà níbi gbogbo. Texas ń ka tirẹ̀ láti oṣù kẹwàá dé oṣù kẹsàn-án, California láti oṣù keje dé oṣù kẹfà. Kí ẹ tún wo iye ènìyàn tó ṣe ìdánwò náà. Bí ènìyàn 10 péré bá ṣe é, ẹnì kan ṣoṣo tó kùnà ti fa èsì wálẹ̀ láti 100 sí 90. Bí 200 bá ṣe é, ẹnì kan kò mì í. Ilé ẹ̀kọ́ kékeré tó ní 100 lọ́dún yìí lè ní 80 lọ́dún tó ń bọ̀ láìsí pé ohunkóhun bàjẹ́ níbẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn tó bá bi mí pé kí wọ́n wo ọdún mẹ́ta, kí wọ́n sì wo bóyá ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, tàbí ó dúró.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀ fún àwọn tó kùnà lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìkan ni púpọ̀ nínú àwọn tábìlì èsì tí ìgbìmọ̀ ń tẹ̀ jáde ń kà, àwọn tó ń tún un ṣe kì í sì í yege tó àwọn tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n máa ń wà ní àyíká ìdajì. Ó nira, àmọ́ kì í ṣe òpin. Pẹ́ títí, akólòlò á pe bàbá, ìwé àṣẹ tí ẹni tó yege lẹ́ẹ̀kejì gbà kò sì yàtọ̀ sí ti ẹni tó yege lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn tí nọ́ńbà náà kò kà rárá ló ká mi lára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó jókòó sí iwájú kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò nìkan ni wọ́n ń kà. Ẹni tó wọlé, tó sanwó, tó ra ìwé, tó ra aṣọ iṣẹ́, tó wá já sílẹ̀ ní sẹ̀mẹ́sítà kẹta, kò sí nínú ìṣirò yẹn. Àgbẹ̀ tó bá ka kìkì iṣu tó dé ọjà, tí kò ka èyí tó jẹrà sínú abà, yóò sọ fún yín pé ọdún náà dára.

Ẹ jẹ́ ká fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ilé ẹ̀kọ́ kan gba ènìyàn 40. Ogún ló kẹ́kọ̀ọ́ parí tí wọ́n sì ṣe ìdánwò, 19 ló yege. Wọn yóò kọ 95 nínú ọgọ́rùn-ún sára ògiri, wọn kò sì purọ́. Ká ní ilé ẹ̀kọ́ kejì gba 40 bákan náà, 35 parí, 30 yege. Nǹkan bíi 86 nínú ọgọ́rùn-ún ni tiwọn. Lójú pátákó, ti àkọ́kọ́ dára jù. Ṣùgbọ́n nínú 40 tó fi owó lélẹ̀ ní ti àkọ́kọ́, 19 ló di nọ́ọ̀sì, wọn kò tó ìdajì. Ní ti èkejì, 30 ni, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ìyàwó ilé tó ní ọmọ mẹ́ta, tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tó sì gbé gbogbo owó àjọ rẹ̀ sílẹ̀, inú ilé ẹ̀kọ́ wo ló yẹ kó wọ̀?

Kò ṣòro láti mọ ohun tó ń já wọn sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, máàkì 75 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ènìyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó yege nínú kọ́ọ̀sì kan, ẹni tó bá sì kùnà nínú kọ́ọ̀sì méjì, wọn yóò ní kó máa lọ. Ní òpin ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tún ń fi ìdánwò bíi ti ATI tàbí HESI dán akẹ́kọ̀ọ́ wò. Àwọn kan ń fi ìdánwò yìí mọ ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó, kí wọ́n lè ràn án lọ́wọ́. Àwọn mìíràn ń lò ó bí ìlẹ̀kùn: bí o kò bá dé máàkì báyìí, a kò ní fi orúkọ rẹ ránṣẹ́ láti lọ ṣe NCLEX. Ẹni tí wọ́n dá dúró bẹ́ẹ̀ kò lè ba nọ́ńbà ilé ẹ̀kọ́ jẹ́, nítorí pé kò dé ibi ìdánwò rárá. Owó rẹ̀ ti lọ, ọdún rẹ̀ ti lọ, ilé ẹ̀kọ́ mìíràn kì í sì í fẹ́ gba kọ́ọ̀sì nọ́ọ̀sì tó ti ṣe níbòmíràn.

Mi ò sọ pé kí wọ́n máa fún gbogbo ènìyàn ní ìwé ẹ̀rí. Nọ́ọ̀sì tí kò mọ ìṣirò oògùn lè pa ènìyàn. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé kí ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ le bí ojú ẹja le nígbà tó ń gba ènìyàn wọlé, kó tó gba owó wọn, kì í ṣe lẹ́yìn ọdún méjì. Àjọ CCNE, ọ̀kan lára àwọn àjọ tó ń fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, mọ èyí: yàtọ̀ sí pé ó ń béèrè 80 nínú ọgọ́rùn-ún fún NCLEX, ó ń béèrè pé kí ìpín 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ parí ẹ̀kọ́ wọn. Nọ́ńbà kejì yìí ni kí ẹ máa wá. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ní i, wọn yóò sọ ọ́. Bí ẹ bá bèèrè tí wọ́n ń yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ ti gba ìdáhùn.

Yíyege nínú ìdánwò kò tilẹ̀ túmọ̀ sí pé a kọ́ ènìyàn. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ìjọba Amẹ́ríkà kéde ẹjọ́ kan tí wọ́n pè ní Operation Nightingale. Wọ́n fẹ̀sùn kan ènìyàn 25 pé wọ́n ta ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì tó lé ní 7,600, èyí tó jáde láti ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta ní gúúsù Florida, fún àwọn tí kò kẹ́kọ̀ọ́ rárá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, láti 10,000 lọ sókè, ni àwọn tó rà á san. Nínú àwọn tó ra ìwé yẹn, bíi 2,400 ló lọ ṣe NCLEX tí wọ́n sì yege. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo ka nọ́ńbà yẹn. Ó fi hàn pé ìdánwò lè gba ẹni tí kò tíì fi ọwọ́ kan aláìsàn lábẹ́ ojú olùkọ́ wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi ń bèèrè ohun kan tí kò sí nínú tábìlì ìgbìmọ̀ kankan: ọsibítù wo ni àwọn ọmọ yín ti ń kọ́ṣẹ́, wákàtí mélòó, akẹ́kọ̀ọ́ mélòó sì ni olùkọ́ kan ń mójú tó níbẹ̀?

Ìlú Ìbàdàn náà ní ìpín nínú irú ìtìjú bẹ́ẹ̀. Ní 2023, àjọ NMC, tó ń fi orúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde pé èsì ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí àwọn nọ́ọ̀sì tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún ṣe ní ibùdó kan ní Ìbàdàn kò ṣe é gbára lé, ọ̀rọ̀ náà sì kan àwọn ènìyàn tó lé ní 500. NMC ní kí àwọn ènìyàn náà tún ìdánwò ṣe. Àwọn olóòótọ́ wà nínú wọn tí wọ́n fi oorun wọn kàwé, ṣùgbọ́n orúkọ ibi tí wọ́n ti ṣe é ti kó bá wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí owó. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025, ìṣirò College Board ni pé ìpíndọ́gba owó ilé ẹ̀kọ́ ní community college, fún ẹni tó ń gbé ní àdúgbò náà, jẹ́ 4,050 dọ́là lọ́dún. Ní yunifásítì ìjọba, fún ẹni tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ náà, ó jẹ́ 11,610. Ní yunifásítì aládàáni tí kì í ṣe ti èrè, ó jẹ́ 43,350, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń dín in kù fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá lo ọdún kan ní community college láti ṣe àwọn kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀ bíi ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara àti ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àrùn, kó tó wá lo ọdún méjì lórí nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, yóò san owó tó lé díẹ̀ ní 12,000 dọ́là. Ẹni tó lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì aládàáni ní owó tí wọ́n kọ síta yóò san ohun tó lé ní 173,000. Ìdánwò kan náà ni àwọn méjèèjì yóò jókòó ṣe. Ìwé àṣẹ RN (registered nurse) kan náà ni wọn yóò gbà.

Ìrànlọ́wọ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní Pell Grant, tí kì í ṣe ẹ̀yáwó, lè tó 7,395 dọ́là lọ́dún fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní green card wà lára àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ní community college, ó lè san gbogbo owó ilé ẹ̀kọ́ kó sì ṣẹ́ kù fún ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá pẹ̀lú físà F-1 kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ sí iṣẹ́ bó ṣe wù ú níta ilé ẹ̀kọ́. Òbí tó wà nílé tó ń ta ilẹ̀ láti rán ọmọ lọ kọ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó ta á. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ìpínlẹ̀ kan pẹ̀lú, kó ṣe sùúrù: ní Texas, fún àpẹẹrẹ, oṣù méjìlá ni ènìyàn sábà gbọ́dọ̀ ti gbé níbẹ̀ kí wọ́n tó kà á sí ọmọ ìpínlẹ̀ nípa owó ilé ẹ̀kọ́.

Bí community college bá dára tó báyìí, kí ló dé tí gbogbo ènìyàn kò lọ síbẹ̀? Àyè kò sí. Olùkọ́ nọ́ọ̀sì kò tó, ibi ìkọ́ṣẹ́ nínú ọsibítù kò tó. Ní 2023, AACN, ẹgbẹ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga nọ́ọ̀sì, ka ìwé ìbéèrè fún ìgbaniwọlé 65,766 tí àwọn yunifásítì dá padà bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó kọ ọ́ kúnjú òṣùwọ̀n. Ní àwọn community college náà, ènìyàn lè dúró lórí ìlà fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi àyè òfo yìí ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tó wà fún èrè ń dúró sí. Wọn kì í ní kí ẹ dúró. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọn yóò ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀, wọn yóò sì bá yín tọ́ ẹ̀yáwó fúnra wọn.

Ibí ni ẹni tó ń ka owó gbọ́dọ̀ ka àkókò mọ́ ọn. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ìjọba Amẹ́ríkà ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ìdajì àwọn RN ń gbà ju 93,600 dọ́là lọ lọ́dún, ìdajì àwọn LPN (licensed practical nurse) sì ń gbà ju 62,340 lọ. Ọdún kan tí LPN bá fi dúró kó tó di RN fi bíi 31,000 dọ́là dù ú kí owó orí tó wọ̀ ọ́. Fún ẹni tó ṣì ń ṣe CNA, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Nítorí náà, ilé ẹ̀kọ́ tó fi 15,000 dọ́là wọ́n ju òmíràn lọ ṣùgbọ́n tó jẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú lè jẹ́ èyí tó sàn fún yín jù nípa owó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ yẹn dúró lórí pé ẹ óò parí. Bí ẹ bá wọ ilé ẹ̀kọ́ tí ìdajì ènìyàn ti ń já sílẹ̀, gbèsè yóò kù, ìwé àṣẹ kò ní sí, ọdún tí ẹ rò pé ẹ jèrè yóò sì di ọdún tí ẹ pàdánù.

Ìdájọ́ mi lórí ọ̀rọ̀ owó nìyí. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, tó ní ọmọ, tó sì ní ìwé ìgbélùú, kó kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀ ní community college àdúgbò rẹ̀, ó kéré tán méjì, kó sì máa fi àkókò ìdúró ṣe àwọn kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀. Ọ̀nà LPN, tó máa ń gba bí ọdún kan, kì í ṣe ìtìjú. Ó ń jẹ́ kí owó tó nípọn máa wọlé kí ènìyàn tó tẹ̀ síwájú. Fún ẹni tó ti gboyè yunifásítì nílé nínú nǹkan mìíràn, kó wo àwọn ètò BSN, ìyẹn oyè yunifásítì nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ń yá, tó máa ń gba oṣù 12 sí 18. Ó wọ́n, iṣẹ́ kì í sì í sábà bá a lọ, ṣùgbọ́n àkókò tó dín kù náà jẹ́ owó. Ní ti àwọn tó ń bẹ̀rù pé oyè ọdún méjì kò tó, òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọsibítù ńlá fẹ́ BSN, òfin New York ti 2017 sì sọ pé RN tuntun gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọdún 10. Ẹ lè gbà á lẹ́yìn tí ẹ bá ti ń ṣiṣẹ́, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọsibítù tó gbà yín sì lè san nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí tún kan ìfọwọ́sí. Àṣẹ ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ ló ń jẹ́ kí ẹ ṣe NCLEX. Ìfọwọ́sí ACEN tàbí CCNE jẹ́ nǹkan mìíràn, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó ní àṣẹ ló ní i. Láìsí i, yunifásítì lè kọ̀ láti gba yín fún BSN tàbí oyè kejì, àwọn ọsibítù VA tó ń tọ́jú àwọn ajagunfẹ̀yìntì sì lè má gbà yín síṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ tó pọ́ọ́kú tí kò ní ìfọwọ́sí yìí kò pọ́ọ́kú.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní wàhálà ìdánwò yìí fún ẹni tó kọ́ ọ níbẹ̀: bó bá ti gboyè tí yunifásítì sì jẹ́rìí ìwà rẹ̀, NMC yóò fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Owó ni ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ní England, owó ilé ẹ̀kọ́ jẹ́ 9,535 pọ́ùn ní ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026, ìjọba sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní 5,000 pọ́ùn lọ́dún tí kò ní dá padà. Ní Scotland, ọmọ ilẹ̀ náà kì í san owó ilé ẹ̀kọ́ rárá, wọ́n sì ń fún un ní 10,000 pọ́ùn lọ́dún.

Nílé, ní Nàìjíríà, orúkọ ló dúró fún nọ́ńbà. Àwọn òbí máa ń dárúkọ UCH Ìbàdàn, tí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1952, Wesley Guild ní Iléṣà, Sacred Heart ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, Baptist ní Ògbómọ̀ṣọ́. Orúkọ rere wọn tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú lọ́dọ̀ wa ni ti indexing, ìyẹn fífi orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì. Ìgbìmọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Council, ìyẹn Nursing and Midwifery Council of Nigeria, ló ń fún ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní iye akẹ́kọ̀ọ́ tó lè gbà. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá gba ènìyàn kọjá iye yẹn, àwọn tó kù kò ní rí nọ́ńbà Council gbà, wọn kò sì ní lè ṣe ìdánwò nígbà tí ẹgbẹ́ wọn ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti lo ọdún mẹ́ta, tí wọ́n wá ń dúró de àyè. Kí òbí tó san owó ìgbaniwọlé, kó wo orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà lórí ìkànnì Council, kó wo bóyá ìfọwọ́sí rẹ̀ pé tàbí ó jẹ́ ti ìgbà díẹ̀, kó sì béèrè ní gbangba pé: ṣé ọmọ mi wà lára àwọn tí ẹ óò fi orúkọ wọn ránṣẹ́? Kírẹ́díìtì márùn-ún, nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, Físíìsì, Kẹ́mísìrì àti Báyọ́lọ́jì, láàárín ìjókòó méjì, ni Council ń béèrè. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ní òun lè gba ọmọ láìsí wọn ń tan yín ni. Àwọn ilé ìwòsàn tó ń kọ́ ọmọdébìnrin ní iṣẹ́ "auxiliary nurse" kò lè fún wọn ní ìwé àṣẹ kankan, bó ti wù kí owó tí wọ́n gbà pọ̀ tó.

Ọmọ tó ń rò pé òun yóò kọ́ ọ nílé kí òun tó rìnrìn àjò, kó fi ohun méjì kún ìṣirò rẹ̀. Ní 2024, Council ní kí nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ kó tó béèrè pé kí wọ́n jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè, ìpinnu tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ẹ̀hónú hàn sí ní Àbújá àti ní Èkó. Èkejì ni pé ilé ẹ̀kọ́ gan-an ló gbọ́dọ̀ fi àkọsílẹ̀ èsì ránṣẹ́ tààrà sí àwọn tó ń yẹ ìwé wò ní Amẹ́ríkà. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò tọ́jú ìwé rẹ̀ dáadáa lè dá ìrìn àjò ènìyàn dúró fún oṣù gbọgbọrọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó jáde níbẹ̀ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn bó ṣe pẹ́ tó kí ìwé wọn tó jáde.

Ó kù síbì kan. Àwọn tó mọ iye tó wọlé àti iye tó parí ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní Houston tàbí ní Prince George's County ní Maryland ni àwọn nọ́ọ̀sì wa tó ti gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n wà nínú ìjọ wa, wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ọmọ Nàìjíríà. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó ti di RN: nígbà tí àbúrò kan bá bi yín pé ilé ẹ̀kọ́ wo ló dára, ẹ má ṣe dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ yín nìkan. Ẹ sọ iye tí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ fún un, ẹ sọ iye tí ẹ jọ parí, ẹ sọ iye gbèsè tí ẹ ṣì ń san, kó tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó.